Gíàbọ́ọ̀sì ọtomátíìkì tó ń yọ̀: ṣé a lè tú u nílé ká sì tò ó padà?

Ìbéèrè yìí wá láti Kétu, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló kọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Camry 1999 tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni mò ń gùn, ẹ́ńjìnnì 2.2, ọtomátíìkì. Láti bí oṣù mélòó kan, tí mo bá ń lọ sí Pobè, tí ọkọ̀ bá ti gbóná, bó bá fẹ́ bọ́ sí gíà kẹta, ẹ́ńjìnnì á kàn máa pariwo, ọkọ̀ ò ní sáré, ó di ìgbà tó bá yá kó tó já síwájú gbì. Láàárọ̀ kì í ṣe é. Ọ́ìlì gíà ti dúdú. Àwọn kan ní n ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, pé gíà á kú pátápátá. Àbúrò mi tó ń tún ọ̀kadà àwọn zémidjan ṣe ní ká tú gíà náà nínú àgbàlá, ká ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, ká tò ó padà. Ṣé ó ṣeé ṣe nílé, àbí ká kúkú ra tòkunbọ̀?”

Àbúrò, o kú ìrójú. Ó ṣeé ṣe nílé. Mo ti rí èyí tí wọ́n tú lábẹ́ igi máńgòrò tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní, mo sì ti rí èyí tí wọ́n tú nínú ọgbà mẹkáníìkì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì sí rèterète, tó tún jóná kí ọdún tó yí po. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ti tú u ló ń pinnu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá ìdí tí kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fi jóná, tó sì wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n nígbà tó ń tò ó, òun ni tirẹ̀ máa ń pẹ́. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, mi ò rí ibi tí ìwọ tàbí àbúrò rẹ ti béèrè pé kí ló jó kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fi tuntun sí i láì mọ̀ ọ́n, ohun tó jó ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, á sì jó tuntun náà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì inú gíàbọ́ọ̀sì ọtomátíìkì kì í ṣe ẹyọ kan tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bíi ti ọkọ̀ onígíà ọwọ́. Wọ́n pọ̀, ní ìdì ìdì: àwo irin kan, àwo kan tí wọ́n lẹ bébà líle mọ́ tojú tẹ̀yìn, irin mìíràn, oníbébà mìíràn, títí ìdì náà á fi pé. Písítìnì kan wà lẹ́yìn ìdì kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì ló ń ti písítìnì, písítìnì á sì fún àwọn àwo náà pọ̀. Nígbà tí agbára ọ́ìlì bá tó, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á jọ máa yí. Nígbà tí kò bá tó, wọ́n á máa yọ̀ lórí ara wọn, ooru á sì dé, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjì ra ara wọn kíkankíkan. Bébà náà á jó, á máa bó wẹ́wẹ́ sínú ọ́ìlì, ohun tó sọ ọ́ di dúdú nìyẹn, òun náà ló sì ń fún un ní òórùn nǹkan tó jóná. Rọ́bà ló yí etí písítìnì ká tí ọ́ìlì kò fi gba ibẹ̀ sá. Ọkọ̀ ọdún 1999, rọ́bà rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú ọ́ìlì gbígbóná. Á ti gan, kò ní lè nà mọ́. Láàárọ̀, ọ́ìlì ṣì nípọn, kò rọrùn fún un láti gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà gígan kọjá. Bó bá gbóná, á ṣàn bí omi, á gba ibẹ̀ sá, písítìnì ò sì ní rí agbára tó máa fi fún àwo pọ̀. Torí pé o ní láàárọ̀ kì í ṣe é, ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá gbóná, rọ́bà yìí ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó lè ṣe irú rẹ̀ gan-an, tí kò ná ọ ní nǹkan láti yẹ̀ wò.

Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì, lára tọ́rótù bọ́dì. Kébù kan wà níbẹ̀ tó ti ibi tí a ń tẹ̀ fún eré wá. Òmíràn tún wà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú gíàbọ́ọ̀sì, òun ni mò ń sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí gíàbọ́ọ̀sì mọ bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe tẹ eré tó, kó lè fi kún agbára ọ́ìlì. Bó bá dẹ̀, o lè máa gun òkè pẹ̀lú ẹrù, gíàbọ́ọ̀sì á rò pé o kàn rọra ń lọ, agbára ọ́ìlì á kéré, kílọ́ọ̀ṣì tí kò lẹ́bi á sì máa yọ̀ títí á fi jóná. Fi ọwọ́ tẹ̀ lé wáyà inú kébù náà dé ibi tó ti ń jáde nínú aṣọ rọ́bà rẹ̀. Wàá rí irin róbótó kékeré kan tí wọ́n fún mọ́ wáyà náà. Àlàfo tó wà láàárín irin yẹn àti ẹnu rọ́bà ni Toyota fi ń mọ̀ bóyá kébù náà wà níbi tó yẹ: mílímítà 0 sí 1. Bóyá kí ẹsẹ̀ wà lórí eré tàbí kó kúrò níbẹ̀ nígbà tí o bá ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn yàtọ̀ láti ọdún kan sí òmíràn, nítorí náà wo ìwé àtúnṣe ọkọ̀ rẹ kó o tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Rántí dáadáa pẹ̀lú: ṣé ẹnikẹ́ni ti tú tọ́rótù bọ́dì láti fọ̀ ọ́ kí yíyọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá kébù yìí padà bó ṣe rí lójú wọn, tí ẹnikẹ́ni ò sì ronú kàn án nígbà tí gíà bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn kébù, wọn àsìkò. Fóònù rẹ tó fún èyí. Wa ọkọ̀ títí á fi gbóná, gbé e sí ibi tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì gírígírí, kí éésì wà ní pípa. Láti N (tí ọkọ̀ kò sí nínú gíà kankan) bọ́ sí D (gíà iwájú), ka àsìkò títí o fi máa mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ ti mú. Kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú àáyá 1.2. Láti N sí R (gíà ẹ̀yìn), kò yẹ kó kọjá 1.5. Ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o sinmi ìṣẹ́jú kan láàárín wọn. Bí D àti R bá jọ pẹ́, agbára ọ́ìlì lápapọ̀ ló kéré, yálà láti ọ̀dọ̀ pọ́ńpù, fílítà tó dí, kébù, tàbí ọ́ìlì tí kò tó. Bó bá jẹ́ R nìkan ló pẹ́, ojú á kọ́kọ́ lọ sí kílọ́ọ̀ṣì kan pàtó. Ẹ́ńjìnnì 2.2 inú Camry ọdún 1997 sí 2001, gíàbọ́ọ̀sì A140E onígíà mẹ́rin ló máa ń bá a rìn, A541E sì ni ti V6. Wo irin pẹlẹbẹ tó wà lára férémù ilẹ̀kùn kó lè dá ọ lójú, àkọlé A/TM ló máa ń wà níwájú rẹ̀. Nínú A140E, ìdì kílọ́ọ̀ṣì tí gíà kẹta ń lò, òun náà ni gíà ẹ̀yìn ń lò, gíà kìíní àti ìkejì kò sì nílò rẹ̀. Bí gíà kẹta bá ń yọ̀ tí ọkọ̀ sì ń lọ́ra láti fi ẹ̀yìn gun òkè kékeré, ìdì yẹn ti bàjẹ́. Àmọ́ má fi R tó lágbára dá ìdì náà láre pátápátá, torí gíàbọ́ọ̀sì máa ń fi agbára ọ́ìlì tó pọ̀ ju ti iwájú lọ sí R, kílọ́ọ̀ṣì tó ti rẹ̀ lè mú níbẹ̀ síbẹ̀ kó máa yọ̀ lórí gíà kẹta. Àwọn mẹkáníìkì kan á sọ pé kí o tẹ bíréèkì kí o sì tẹ eré dé ilẹ̀ láti fi dán an wò. Ìdánwò gidi ni, ìṣẹ́jú àáyá 5 ló pọ̀ jù fún un, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o ṣe é lórí kílọ́ọ̀ṣì tó ti ń jóná.

Ti ọ́ìlì tí wọ́n ní o ò gbọdọ̀ pààrọ̀, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Àwọn èèyàn kì í rántí ọ́ìlì gíà títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá pààrọ̀ rẹ̀, gíà tó ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀ á kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì ní ọ́ìlì tuntun ló pa á. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́: ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti ọ́ìlì gba inú gíàbọ́ọ̀sì kọjá lè rú ìdọ̀tí tó ti sùn sílẹ̀ lọ sínú àwọn fáàfù tó ń darí ọ́ìlì. Kí èèyàn tú ọ́ìlì sílẹ̀ kó sì da tuntun sí i kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lè wo bébà tó ti jó sàn, ṣùgbọ́n kò ní ṣe é ní ibi. Fún A140E, ọ́ìlì Dexron III ni, bí o bá sì tú u láti ìsàlẹ̀, nǹkan bí lítà 2 àbọ̀ ló máa jáde, torí ìyókù wà nínú kọnfátà, ohun rogodo tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì. Má gbàgbé pé dífá inú gíàbọ́ọ̀sì yìí, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń tú u lọ́tọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n tú ti gíà nìkan, tí ti dífá sì gbẹ síbẹ̀. Bí o bá ti tú páànù ìsàlẹ̀ sílẹ̀, wo òòfà tó wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó kúnná kò burú, irin tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Bí o bá rí ègé bébà dúdú, tàbí ègé irin aláwọ̀ idẹ, o ò ní lè sá fún títú u.

Rádíétọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ́ìlì gíà máa ń gba inú rádíétọ̀ lọ kó lè tutù. Lọ́dọ̀ wa, omi kànga ni ọ̀pọ̀ ń da sínú rádíétọ̀ dípò omi rádíétọ̀ gidi, ìpẹtà sì ń jẹ ibẹ̀ láti inú. Bó bá dí, gíà á máa gbóná láìṣẹ̀. Bó bá lu, omi á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á di pupa wàrà, bébà kílọ́ọ̀ṣì á sì bó kúrò lára irin rẹ̀. Gíàbọ́ọ̀sì yòówù tí ẹ bá fi sí i, tí rádíétọ̀ yìí àti ọ̀pá tó ń gbé ọ́ìlì lọ gbé e bọ̀ kò bá mọ́, ìdọ̀tí ti àtijọ́ á padà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ká ní o ti yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò, tí ó sì wá di dandan láti tú u. Àbúrò rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lo sípánà, ó sì mọ kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà tó jẹ́ ìdì àwo nínú ọ́ìlì, ìyẹn ò kéré o. Ohun tí kò tíì bá pàdé ni iye àwọn nǹkan kéékèèké tó wà níbẹ̀ àti bí àlàfo wọn ṣe gbọdọ̀ jẹ́. Ẹ wá ìwé àtúnṣe A140E kẹ́ ẹ tó tú bóòtù kan. Bí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ bá le, àwòrán rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì onírin lórí ilẹ̀ líle. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù, nítorí búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ìkìlọ̀ kó tó fọ́, gíàbọ́ọ̀sì náà sì wúwo ju kí èèyàn fi ọwọ́ gbé e wálẹ̀ lọ. Ẹ yọ bátìrì. Ẹ so ẹ́ńjìnnì rọ̀ látòkè kẹ́ ẹ tó tú sìíìtì rẹ̀, ìyẹn ohun tó gbé e jókòó sínú ọkọ̀. Eruku pupa Kétu, pàápàá nígbà ọyẹ́, ni ọ̀tá yín tó tóbi jù. Inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì ni kẹ́ ẹ ti tú inú gíà, kì í ṣe àgbàlá. Ẹ má fi kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì fọ ohunkóhun nínú yàrá náà, iná kan ṣoṣo ló kù. Kẹrosíìnì ló dára jù, lẹ́yìn náà kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Ẹ má fi àkísà nù ún, òwú rẹ̀ á lọ há sínú fáàfù.

Fáàfù bọ́dì, ilé àwọn fáàfù tó ń darí ọ́ìlì, ni ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rù. Bẹ́ ẹ bá pín in sí méjì, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké á bọ́ sílẹ̀ láti inú ihò wọn, bí ọ̀kan bá sì padà sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, gíà kan ò ní wọlé. Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ ní ibi tó tẹ́jú kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bóòtù rẹ̀ kò fẹ́ agbára: láàárín Nm 10 sí 11 ni, ti páànù ìsàlẹ̀ sì kéré sí ìdajì ìyẹn, bíi Nm 5. Ọwọ́ ẹni tó ti mọ́ bóòtù ọ̀kadà lára á fà wọ́n já, kẹ́ ẹ yá sípánà oníwọ̀n. Nígbà tí páànù bá ṣì wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi mítà wọn sólẹ́nọ́ìdì (fáàfù tí iná mànàmáná ń ṣí tó sì ń tì), ohm 11 sí 15 ló yẹ kí ẹ rí. Sólẹ́nọ́ìdì tó kú máa ń jẹ́ kí gíà kan sọnù pátápátá, ó sì máa ń mú kí iná O/D OFF tó wà níwájú awakọ̀ máa ṣẹ́jú, èyí tí o kò mẹ́nu kàn, nítorí náà mi ò fi gbogbo ọkàn fura sí i.

Ẹ ra gbogbo rọ́bà àti síìlì, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì nìkan. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan péré láti bá àbúrò rẹ sọ, èyí ni. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun lẹ́yìn rọ́bà gígan á yọ̀ bíi ti àná. Ẹ wo àwọn àwo irin náà. Èyí tó ti di aláwọ̀ aró tàbí tó ti tẹ̀, ẹ jù ú nù. Kẹ́ ẹ rẹ àwo oníbébà tuntun sínú ọ́ìlì gíà, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó tò wọ́n. Níbi tí wáṣà tàbí bọ́ọ̀lù bá ti gbọdọ̀ dúró nígbà tí ẹ ń tò, fasilínì ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe gírísì, torí fasilínì á yọ́ mọ́ ọ́ìlì, gírísì á lọ dí fílítà. Lẹ́yìn tí ìdì kan bá pé, kẹ́ ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò ọ́ìlì rẹ̀, bíi bar 4. Písítìnì gbọdọ̀ gbéra pẹ̀lú ìró kan tó dún mọ́lẹ̀, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìjò. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn fọganáísà tó fún èyí, kẹ́ ẹ kàn tú omi inú rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ wọn bí písítìnì ṣe rìn jìnnà tó, kẹ́ ẹ fi í wé ohun tó wà nínú ìwé. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì á pẹ́ kó tó mú. Bó bá kéré jù, kò ní tú ara rẹ̀ sílẹ̀ tán, á sì jó láì sí ẹni tó mọ̀.

Kọnfátà yẹn, ẹ ò lè ṣe é nílé. Wọ́n jó o pọ̀ ni, ẹni tó ní ẹ̀rọ tọ́ọ̀nì tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dọ́gba rẹ̀ ló lè gé e ṣí. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti jó dé ibi tí ọ́ìlì fi dúdú, ẹrẹ̀ ti wà nínú kọnfátà, fífi kẹrosíìnì ṣan án kò sì ní kó gbogbo rẹ̀ jáde. Kẹ́ ẹ wá òmíràn tó mọ́ fún ọkọ̀ kan náà. Nígbà tí ẹ bá ń fi í padà, kẹ́ ẹ máa yí i, kẹ́ ẹ máa tì í, títí á fi jókòó dé ìsàlẹ̀. Á wọlé ní ìpele ìpele. Ìwé ní bó ṣe gbọdọ̀ jìn sínú tó láti etí gíàbọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bó bá kù díẹ̀ tí ẹ sì fi bóòtù fà á wọlé, pọ́ńpù á fọ́, gbogbo iṣẹ́ yẹn á sì tún jáde.

Ti tòkunbọ̀ tí o béèrè, mi ò lè sọ pé ó burú. Ó yá jù, ní Kútọ̀nu tàbí Ládipọ̀ ní Èkó wàá rí A140E lọ́pọ̀. Ọjọ́ orí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti tìrẹ dọ́gba, ìyẹn ni ohun tí ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún ọ. Bí o bá máa rà á, sọ fún un kó jẹ́ kí o tú páànù rẹ̀ kó o tó sanwó, wo òòfà, gbóòórùn ọ́ìlì, kí o sì fi síìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn tuntun sí i kó tó wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí o ṣí páànù, kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ti kí wọ́n sọ ọ́ di onígíà ọwọ́, àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n iye nǹkan tí wọ́n máa pààrọ̀ pọ̀ débi pé mi ò rí èrè rẹ̀ lórí ọkọ̀ tí o fẹ́ fi rìn sí Pobè. Bí mo bá wà nípò rẹ, màá kọ́kọ́ ṣe kébù, ọ́ìlì, fílítà àti rádíétọ̀, kí n tún wọn àsìkò D àti R. Bí yíyọ̀ bá wà síbẹ̀, tí àbúrò rẹ bá lè rí ìwé àti sípánà oníwọ̀n yá, ẹ tú u nílé, torí rọ́bà tuntun lo máa ní. Bí kò bá rí wọn yá, ẹ gbé e wá bá ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ níbí ní Àjàṣẹ́, kí àbúrò rẹ sì dúró tì í wo bó ṣe ń ṣe é. Mi ò tíì rí páànù rẹ, nítorí náà mi ò lè búra pé rọ́bà ni. Ní báyìí ná, má gùn ún lọ sí Pobè mọ́, yíyọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi irin gbígbóná jẹ bébà tó kù.

Nígbà tí ó bá ti wọ ọkọ̀ padà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ da ọ́ìlì dífá, lẹ́yìn náà ti gíà. Kẹ́ ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, kẹ́ ẹ rọra gbé lífà kọjá gbogbo ipò láti P dé L, kẹ́ ẹ dá a padà sí P, kẹ́ ẹ sì wo ọ̀pá ìwọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. COOL ni kó wà nígbà tó bá tutù, HOT lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn tó sì gbóná. Ẹ tún kébù wọ̀n, torí títú gíàbọ́ọ̀sì ti yí i padà. Má tẹ eré líle fún ọjọ́ mélòó kan, má kó ẹrù gun òkè. Bí o bá ti rin bíi kìlómítà 1000, tú ọ́ìlì náà sílẹ̀ kí o sì ṣí páànù: eérú kíkúnná díẹ̀ lórí òòfà, da ọ́ìlì tuntun sí i kí o máa lọ. Bí o bá tún rí ègé bébà, pa ọkọ̀ náà níbi tó wà, kẹ́ ẹ sì padà sí ìdì kílọ́ọ̀ṣì ti gíà kẹta yẹn kí òun tó ba ìyókù jẹ́.